Àjàyí Arìnrìn-àjò

Ọmọ ahunṣọ

Orúkọ ọmọ náà ni Àjàyí. Orúkọ àmútọ̀runwá ni. Bí ọmọ bá dojú bolẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ ń bí i, Àjàyí ni à ń pè é. Ó ṣeé ṣe kí Àjàyí kan wà nínú kíláàsì yín náà.

Wọ́n bí Àjàyí yìí ní ìlú Òṣogùn, ní nǹkan bí ọdún 1809. Òṣogùn wà ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Bàbá Àjàyí ń hun aṣọ. Ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Àfàlà. Arábìnrin méjì ni Àjàyí ní. Ọ̀kan nínú wọn ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ Òṣogùn, bíi ti Kétu wa. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀dàn ti ń rí. Nígbà òjò, koríko a ga ju orí ọmọdé lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, koríko a gbẹ, àwọn ọdẹ a sì fi iná sí i. Ehoro a sá jáde. Ẹtu a sá jáde. Àparò a fò pìrì. Láyé ìgbà náà, ẹran ìgbẹ́ pọ̀ ju ti òde òní lọ. Ẹfọ̀n wà, àmọ̀tẹ́kùn wà, erin pàápàá wà. Àjàyí ní ọrun àti ọfà tirẹ̀. Ó ti ń kọ́ bí ọkùnrin ṣe ń rìn nínú igbó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, àwọn ìyá ń se oúnjẹ lọ́wọ́. Bàbá Àjàyí kò sí nílé. Lójijì, ariwo ta pé ogun ti yí ìlú ká. Àwọn ọkùnrin Òṣogùn gbé ohun ìjà, wọ́n lọ sí ẹnu odi. Wọ́n jà fún wákàtí mélòó kan, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá pọ̀ jù. Bàbá Àjàyí sáré wá sílé. Ó ní kí ìyá àti àwọn ọmọ tètè máa sá lọ. Ó sì padà sí ojú ogun. Àjàyí kò rí i mọ́ láéláé.

Àfàlà pọn ọmọ ọwọ́, ó fa ọmọ kejì lọ́wọ́. Àjàyí mú ọrun àti ọfà rẹ̀. Gbogbo wọn wọ inú igbó. Ṣùgbọ́n ìtàkùn há wọn lẹ́sẹ̀, wọn kò lè sáré. Àwọn ọ̀tá lé wọn bá. Wọ́n ju okùn sí ọrùn wọn, wọ́n so wọ́n pọ̀ bí ẹni so ewúrẹ́ tí ó ń lọ sí ọjà. Ọrun Àjàyí já bọ́ sínú igbó. Èéfín iná ìlú Òṣogùn wà lẹ́yìn wọn bí wọ́n ti ń lọ. Ọmọ bí ọdún méjìlá ni Àjàyí ní ọjọ́ náà.

Ojú ọ̀nà ẹrú

Wọ́n rìn títí dé Ìsẹ́yìn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kí ọjọ́ tó pẹ́, àwọn ọ̀tá pín wọn láàárín ara wọn. Ìyá lọ sí apá kan, Àjàyí lọ sí apá kejì.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ ní Àjàyí fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan. Ẹ gbọ́ dáadáa: ọmọ ènìyàn ni wọ́n gbé sílẹ̀, ẹṣin ni wọ́n mú. Nígbà tí ó yá, ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn, ó dá ẹṣin padà, ó sì gba ọmọ padà.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n mú Àjàyí lọ sí ìlú kan. Ta ni ó rí níbẹ̀? Ìyá rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ náà! Ẹrú ni Àfàlà náà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí ara wọn. Bí oṣù mẹ́ta ni ìdùnnú yìí fi wà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn kan mú Àjàyí, wọ́n dè é lọ́wọ́, wọ́n sì mú un lọ. Kò rí àyè dágbére fún ìyá rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ọwọ́ kan gbà á, ọwọ́ mìíràn tà á. Wọ́n fi í ra tábà, wọ́n fi í ra ọtí. Ọ̀nà tí wọ́n ń mú un gbà ń lọ sí ìhà òkun. Koríko ń dín kù, igbó ń ki sí i. Àjàyí mọ̀ pé òun ń jìnnà sí ilé.

Nígbà tí wọ́n dé etí ọ̀sà Èkó, Àjàyí rí omi tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ní Òṣogùn, odò kékeré ni ó mọ̀. Wọ́n ní kí ó wọ ọkọ̀. Ẹ̀rù bà á débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbéra. Wọ́n gbé e bí ẹrù sínú ọkọ̀. Ó jókòó sáàárín àpò àgbàdo, kò sì mira títí wọ́n fi dé Èkó.

Ọkọ̀ inú òkun

Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, àwọn ará Potogí kó Àjàyí sínú ọkọ̀ ńlá kan. Ẹrú 187 ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ náà. Brazil, ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù, ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Potogí ń kó ẹrú lọ nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Kétu ni wọ́n kó gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Títí di òní, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, àwọn kan wà tí wọ́n ń bọ òrìṣà ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Kétu. Wọn kò gbàgbé orúkọ ìlú wa.

Àjàyí kò dé Brazil. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe òfin ní ọdún 1807 pé kí àwọn ènìyàn wọn má ṣe òwò ẹrú mọ́. Wọ́n sì fi ọkọ̀ ogun sójú òkun láti mú àwọn ọkọ̀ tí ó ń kó ẹrú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ Potogí náà gbéra gan-an, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì lé e bá. Wọ́n tú ẹrú sílẹ̀.

Ẹ má rò pé inú àwọn ọmọ náà dùn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rù ni ó bà wọ́n! Wọn kò tíì mọ irú ènìyàn tí àwọn òyìnbó wọ̀nyí jẹ́. Nínú ọkọ̀ ogun náà, wọ́n rí ẹran tí wọ́n fi kọ́. Àwọn ọmọ rò pé ẹran ara ènìyàn ni. Wọ́n tún rí ọta àgbá tí wọ́n kó jọ, ó dúdú, ó sì rí roboto. Wọ́n rò pé orí ènìyàn ni! Nígbà tí wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n rí i pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni ẹran, irin sì ni àwọn orí náà. Ara wọn balẹ̀ díẹ̀.

Lórí òkè

Ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró ní oṣù kẹfà ọdún 1822. Òkè gíga ni ó wà lẹ́yìn ìlú yìí. Ní ìgbà láéláé, àwọn Potogí rí òkè náà láti ojú òkun, wọ́n sì pè é ní Òkè Kìnnìún. Ibẹ̀ ni orúkọ Sierra Leone ti wá.

Àjàyí ọmọ ọ̀dàn di ará orí òkè. Wọ́n mú un lọ sí abúlé kan tí ó ń jẹ́ Bathurst, lórí òkè. Igbó ki níbẹ̀, òjò sì ń rọ̀ ju ti Òṣogùn lọ. Àwọn ènìyàn láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé níbẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú. Àwọn tí ó ń sọ Yorùbá pọ̀. Bí ẹnì kan bá kí ènìyàn ní èdè ilé, omi a bọ́ lójú.

Àjàyí fẹ́ràn ìwé. Ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwé, ó tọrọ owó kékeré kan, ó fi ra ìwé A B D tirẹ̀. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, ó ti lè ka ìwé. Ó tún kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ó ń fi òwúrọ̀ kàwé, ó ń fi ọ̀sán gé pákó.

Ní ọdún 1825 ó di Kristẹni, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ṣùgbọ́n kò fi orúkọ Àjàyí sílẹ̀. Ní ọdún 1827, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ gíga kan sílẹ̀ ní Fourah Bay ní Freetown. Àjàyí wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó fẹ́ Asano, tí wọ́n tún ń pè ní Susan. Wọ́n ti kó òun náà lẹ́rú rí, wọ́n sì ti dá a sílẹ̀. Olùkọ́ ni àwọn méjèèjì.

Ìyá rẹ̀

Ní ọdún 1841, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ mẹ́ta ránṣẹ́ sí Odò Ọya. Wọ́n fẹ́ bá àwọn ọba etí odò sọ̀rọ̀ pé kí òwò ẹrú dópin. Wọ́n mú Àjàyí lọ. Ìrìn àjò náà kò dára. Òyìnbó 145 ni ó wà nínú ọkọ̀. Ibà mú nǹkan bí 130 nínú wọn, ó sì pa ju 40 lọ. A ó padà sọ̀rọ̀ nípa ibà yìí.

Ní ọdún 1843, Àjàyí di àlùfáà ní ìlú London. Ní ọdún 1845, òun àti ẹbí rẹ̀ wọ ọkọ̀ wá sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n ogun wà lójú ọ̀nà, wọ́n sì dúró ní Àgbádárìgì fún ọdún kan àti ààbọ̀. Ó di oṣù kẹjọ ọdún 1846 kí wọ́n tó dé Abẹ́òkúta.

Ọdún 25 ti kọjá tí Àjàyí ti rí ìyá rẹ̀ gbẹ̀yìn. Kò mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Àfàlà náà kò mọ̀ bóyá ọmọ òun wà láàyè. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ òyìnbó kì í padà wá.

Ìyá ti jìyà púpọ̀. Wọ́n ti rà á padà, wọ́n tún ti mú un lẹ́rú lẹ́ẹ̀kejì. Ó ń gbé ní ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta. Ó wá gbọ́ pé ọkùnrin kan dé sí Abẹ́òkúta, pé Àjàyí ọmọ Òṣogùn ni.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, obìnrin arúgbó kan wọ ilé Àjàyí. Ó wò ó. Àjàyí wò ó. Kò sí ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ẹnu ya ìyá, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ tí ó lọ ní ọmọ ọdún méjìlá ti di ọkùnrin, ó ti ní ìyàwó, ó ti ní ọmọ. Ìyá ń pe àwọn orúkọ tí ó fi ń kẹ́ ẹ nígbà tí ó wà ní kékeré, pàápàá èyí tí ìyá ìyá rẹ̀ máa ń pè é. Ìyá ìyá náà ti kú.

Láti ìgbà náà, Àfàlà ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Àjàyí rí àwọn arábìnrin rẹ̀ náà, wọ́n wà láàyè. Nínú gbogbo ìrìn tí ọkùnrin yìí rìn láyé, mo rò pé èyí ni ó dùn mọ́ ọn jù.

Ó wá sí Kétu

Ní ọdún 1851, Àjàyí lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó rí Ọba Victoria, ó fi àwòrán ilẹ̀ Yorùbá hàn wọ́n, ó sì sọ fún wọn bí òwò ẹrú ti ń ba ìlú jẹ́. Ó gbàdúrà kan ní èdè Yorùbá fún ọba láti gbọ́. Ọba obìnrin náà ní èdè náà dùn létí.

Nígbà tí ó padà sí Abẹ́òkúta, ó wá sí ìlú wa. Oṣù kìíní ọdún 1853 ni.

Láti Abẹ́òkúta dé Kétu ju ọgọ́rin kìlómítà lọ. Lónìí, ọkọ̀ lè rìn ín láàárín wákàtí díẹ̀. Nígbà náà, kò sí ọ̀nà ọkọ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró ni. Ènìyàn kan a ṣáájú, àwọn tí ó kù a tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní láti sọdá odò Yewa. Lẹ́yìn Yewa, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga díẹ̀díẹ̀ títí dé orí ilẹ̀ wa tí ó ga tí ó sì tẹ́jú.

Ẹ mọ bí ilẹ̀ wa ti ń rí ní oṣù kìíní. Ọyẹ́ ń fẹ́. Ètè ń là. Oòrùn dà bí òṣùpá nínú kùrukùru. Eruku pupa bo ẹsẹ̀, ó bo aṣọ. Iná ti jó koríko, ilẹ̀ dúdú, ewéko tuntun sì ń yọ lábẹ́ eérú. Ibẹ̀ ni ìgalà àti ẹtu ti ń jẹun ní òwúrọ̀. Awó ń ké nínú pápá. Ní alẹ́, arìnrìn-àjò kì í sùn láìdáná, nítorí àmọ̀tẹ́kùn. Ọ̀dàn yìí jọ ọ̀dàn Òṣogùn. Ó dájú pé ojú Àjàyí mọ̀ ọ́n.

Omi ni ìṣòro lórí ilẹ̀ wa. Omi jìnnà sísàlẹ̀, kànga sì gbọ́dọ̀ jìn púpọ̀ kí ó tó kan omi. Arìnrìn-àjò tí kò bá gbé omi dání nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òǹgbẹ yóò gbẹ ẹ́. Àwọn ìyá wa ayé àtijọ́ mọ èyí. Wọ́n ń gbe omi òjò pamọ́ sínú ìkòkò ńlá.

Àwọn àgbà sọ fún wa pé Ọba Ẹdẹ ni ó kó àwọn baba ńlá wa wá sí ilẹ̀ yìí. Ọdẹ kan tí ó ń jẹ́ Alálùmọ̀n ni ó mọ ọ̀nà, òun ni ó ṣáájú wọn. Nígbà tí Àjàyí dé, Kétu ti di ìlú ńlá. Odi yí i ká, kòtò jíjìn sì wà lẹ́yìn odi. Ẹnubodè Akaba Ìdènà wà níbẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀yin náà lè lọ wò ó lónìí. Ẹ wo bí ògiri rẹ̀ ti nípọn.

Alákétu gba àlejò náà dáadáa. Àwọn ará ìlú jáde wá wò ó. Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ó wọ aṣọ òyìnbó, ó sì ń kọ nǹkan sínú ìwé. Àwọn Mùsùlùmí ti wà ní Kétu nígbà náà. Àwọn tí ó ń bọ òrìṣà ni ó pọ̀ jù.

Ohun kan wà tí àwa ọmọ ilé ìwé kò gbọdọ̀ gbójú fò. Níbikíbi tí Àjàyí bá dé, ó ń fi etí sí bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Ó ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ bí ẹni ń ṣa èso. Ó ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá kan jáde ní ọdún 1843. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó, wọ́n ń rò bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí sílẹ̀. Àmì kékeré tí ó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ nínú ìwé yìí, láti ọwọ́ wọn ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, a tún máa ń kọ ɛ àti ɔ, ohùn kan náà ni.

Odò Bénúè

Ní ọdún 1854, Àjàyí tún wọ ọkọ̀. Orúkọ ọkọ̀ náà ni Pleiad. Iná ni ó ń mú un rìn. Dókítà kan tí ó ń jẹ́ Baikie ni olórí. Wọ́n wọ Odò Ọya, wọ́n gòkè títí dé ibi tí Odò Bénúè ti wọ inú rẹ̀. Wọ́n yà sí Bénúè, wọ́n ń lọ sí ìhà ìlà oòrùn.

Ní ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ẹ̀fọn ni ó ń fa ibà. Àwọn ènìyàn rò pé afẹ́fẹ́ burúkú ni. Ṣùgbọ́n Dókítà Baikie ní oògùn kan tí ó ń jẹ́ kuìníìnì. Èèpo igi ni wọ́n fi ṣe é. Igi náà kò sí ní ilẹ̀ wa. Orí àwọn òkè Andes ni wọ́n ti rí i, ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù. Òkè wọ̀nyẹn ga débi pé yìnyín kì í tán lórí àwọn kan nínú wọn. Àwọn ará ibẹ̀ ń bó èèpo igi náà, wọ́n ń sá a, ọkọ̀ sì ń gbé e la òkun kọjá. Oògùn náà korò ju ewúro lọ! Baikie ní kí àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ máa lò ó lójoojúmọ́, kí ibà tó mú wọn.

Wọ́n gbọ́ràn. Òyìnbó méjìlá ni ó lọ. Wọ́n lo ọjọ́ 118 lórí odò. Gbogbo àwọn méjìlá ni wọ́n padà láàyè. Ẹ rántí àwọn ti ọdún 1841.

Àjàyí ń kọ ohun tí ó ń rí sílẹ̀ lójoojúmọ́. Bénúè ń gba àárín òkè àti ọ̀dàn kọjá. Nígbà òjò, omi a kún bo etí odò, koríko nìkan ni yóò máa yọ orí. Erinmi wà nínú odò náà. Ó tóbi, ó wúwo, bí ó bá sì bínú, ó lè dojú ọkọ̀ kékeré dé. Ọ̀nì ń yáàrùn lórí iyanrìn. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, erin ń rìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́.

Ọkọ̀ náà ń jẹ igi bí iná ṣe ń jẹ koríko. Léraléra ni wọ́n ń dúró láti gé igi ìdáná. Bí wọ́n bá dúró, àwọn ará abúlé a wá wò wọ́n. Àwọn kan ń sá, wọ́n rò pé àwọn tí ń kó ènìyàn lẹ́rú ni wọ́n. Àjàyí mọ irú ẹ̀rù yìí. Ó ń wá ẹni tí ó gbọ́ èdè wọn, ó sì ń fi sùúrù bá wọn sọ̀rọ̀. Mo rò pé èyí ni iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ọkọ̀ náà.

Ní ọdún 1857, wọ́n tún lọ sí Odò Ọya nínú ọkọ̀ mìíràn, Dayspring. Ní ẹ̀gbẹ́ Jẹ́bà, omi gbá ọkọ̀ náà lu àpáta, ọkọ̀ sì fọ́. Gbogbo wọn bọ́ sí èbúté, wọ́n pàgọ́.

Ẹsẹ̀ àgbàlagbà

Ní ọdún 1864, Àjàyí di bíṣọ́ọ̀bù. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe bíṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin nígbà kan rí.

Oyè kò ní kó má rìn mọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1871, ó kúrò ní Lọ́kọ́ja. Ó ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún. Dípò kí ó wọ ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí òkun, ó gba orí ilẹ̀. Ó dé Bídà, ó rí ọba Núpé. Ó gba Ìlọrin, ó ń lọ sí ìhà gúúsù. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọyẹ́ sì ń fẹ́ bí ó ti fẹ́ lójú ọ̀nà Kétu. Ó dé Èkó ní ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 1872. Oṣù mẹ́ta gbáko! Ọ̀nà tí ó gbà yìí ń gba ilẹ̀ Yorùbá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí ó wà ní ọmọdé, okùn wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ó ń lọ sí Èkó. Lọ́tẹ̀ yìí, òmìnira ni ó fi rìn.

Ó tún ṣe iṣẹ́ kan tí ó gba ọ̀pọ̀ ọdún. Òun àti àwọn mìíràn ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Iṣẹ́ náà parí ní ọdún 1884.

Ìgbà ogbó rẹ̀ kò dùn tó. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan dé, wọn kò bọ̀wọ̀ fún un, wọ́n sì gba agbára lọ́wọ́ àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́. Ó dun bàbá náà gan-an. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891.

Ní ọjọ́ tí ó kú, kò sí ẹnì kan nínú ìlú Kétu tí ó ti rí. Ní ọdún 1886, ogun Dàhòmì ti fọ́ Kétu. Wọ́n jó ilé, wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ sí Àgbómì, ọmọdé àti àgbà. Koríko hù sí àárín ọjà. Ẹran ìgbẹ́ ń rìn níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Ó di ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì kí àwọn ènìyàn wa tó rí ọ̀nà padà. Wọ́n rìn gba inú ọ̀dàn, àwọn ìyá pọn ọmọ tí wọ́n bí ní ìgbèkùn. Àwọn ọmọ náà kò rí Kétu rí. Ní ọdún 1894, Alákétu tuntun gorí oyè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé koríko kúrò lójú ilé.